Aleen Cust, Obìnrin Àkọ́kọ́ Tó Di Dókítà Ẹranko ní Bìrìtéènì àti Írẹ́lándì

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí kíláàsì wa kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tó ti kú tipẹ́ àmọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Èmi mú Aleen Cust. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí dókítà ẹranko ní Bìrìtéènì àti Írẹ́lándì. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún nǹkan bí ọdún 22 kí wọ́n tó gbà kó máa fi orúkọ iṣẹ́ náà pe ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Ọdún 22 jẹ́ ìlọ́po méjì gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé!

Wọ́n bí Aleen Isabel Cust ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1868, nítòsí ìlú Tipperary ní Írẹ́lándì. Ìdílé ńlá ni ìdílé wọn. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Sir Leopold Cust, iṣẹ́ bàbá náà sì ni pé ó ń bójú tó ilẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Láyé ìgbà yẹn, kò tíì sí mọ́tò. Ẹṣin ló ń túlẹ̀ lóko, ẹṣin ló ń fa ẹrù, ẹṣin náà ni dókítà àti àlùfáà ń gùn tí wọ́n bá fẹ́ lọ kí aláìsàn. Bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá ń dun ẹṣin, iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ dúró nìyẹn. Ajá náà ní iṣẹ́ tiẹ̀, torí àwọn ló ń da àgùntàn, àwọn ló sì ń bá ọdẹ rìn. Láti kékeré ni Aleen ti fẹ́ràn ẹranko, ó sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ dókítà ẹranko lòun fẹ́ ṣe. Àmọ́ kò sí obìnrin kankan tó ń ṣe é nílùú wọn nígbà náà.

Ọdún 1878 ni bàbá rẹ̀ kú, ọmọ ọdún 10 ni Aleen. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Major Widdrington, tó ń gbé ní Northumberland, ló di alágbàtọ́ rẹ̀. Nígbà tí Aleen dàgbà, ó kọ́kọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ tó dáa ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, màmá mi gan-an ń ṣe é. Àmọ́ ọkàn Aleen kò sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ẹranko ló wà. Ó fi í sílẹ̀.

Ní ọdún 1894, nígbà tó di ẹni ọdún 26, ó wọ iléèwé àwọn dókítà ẹranko kan ní Edinburgh, ní Skọ́tílándì. Orúkọ ọ̀gá iléèwé náà ni William Williams, dókítà ẹranko tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni. Williams kò lé e padà. Ó ní kó wọlé kó wá kọ́ṣẹ́ bí àwọn ọkùnrin tó kù ṣe ń kọ́ ọ.

Ohun kan wà níbí tó yà mí lẹ́nu. Aleen kò lo orúkọ ìdílé rẹ̀ níléèwé. A. I. Custance ló kọ sílẹ̀. Ìdí ni pé ìyá rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tó ń sin Ọbabìnrin Victoria láàfin, àwọn ẹbí sì gbà pé ìtìjú ni kí ọmọ wọn obìnrin máa ki ọwọ́ bọ inú màálù, kó máa gé egbò ẹṣin. Nílé wa, tí mo bá ń jáde, màmá mi máa ń sọ fún mi pé kí n rántí ọmọ ẹni tí mò ń ṣe. Ó dà bíi pé wọ́n sọ ọ́ fún Aleen náà. Ó rántí ọmọ ẹni tó ń ṣe, ó gbé orúkọ náà sápá kan kí ẹnikẹ́ni má bàa fi bú ìyá rẹ̀, àmọ́ kò gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí ẹranko là kì í ṣe olè, kò yẹ kó kó ìtìjú bá ẹnikẹ́ni.

Kí lẹni tó fẹ́ di dókítà ẹranko ń kọ́? Ó gbọ́dọ̀ mọ gbogbo eegun àti iṣan tó wà lára ẹranko, àti bí iṣẹ́ abẹ ṣe ń lọ. Nígbà tí Aleen wà níléèwé, wọ́n ti ní oògùn kan tó ń jẹ́ chloroform. Wọ́n á jẹ́ kí ẹṣin fa á símú kó lè sùn, kó má mọ̀gbà tí ọ̀bẹ ń gé e. Ọdún kejì tó wọ iléèwé, ìyẹn ọdún 1895, ni Wilhelm Röntgen rí ìmọ́lẹ̀ X-ray ní Jámánì. Kó tó di ìgbà náà, kò sí bí dókítà ṣe lè rí eegun tó wà lábẹ́ awọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wò, ojú ni wọ́n sì fi ń wo bí ẹranko náà ṣe ń rìn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mọ ẹsẹ̀ tó ń dun ẹṣin, torí pé ẹṣin kò lè sọ̀rọ̀. Dókítà á ní kí ẹnì kan fà á kó máa sáré díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó le. Á wá máa wo orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú kan ló ń dùn ún, ẹṣin á gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá kan ilẹ̀, kí ìwúwo má bàa pọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ tó dáa bá kan ilẹ̀, orí á wá sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ bá mọ èyí, ẹ̀yin náà lè wo ẹṣin kẹ́ ẹ mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Eegun tó kán tún yàtọ̀. Tí ẹsẹ̀ ajá bá kán, ajá lè fi mẹ́ta tó kù rìn, kó gbé ìkẹrin sókè, títí eegun á fi jinná. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n á to eegun náà, wọ́n á fi igi àti báńdéèjì dì í. Lónìí, wọ́n máa ń fi irin pẹlẹbẹ àti ìdè onírin so ó pọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ ẹṣin ò lè ṣe bí ajá. Ẹṣin ńlá lè wúwo tó kílò 500, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń tẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Pátákò rẹ̀ yẹn, bí èékánná wa ló rí. Tí ẹsẹ̀ kan bá kán, ìwúwo rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù, pátákò àwọn yẹn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Kò sì lè sùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí èèyàn tó wà ní ọsibítù, torí ìwúwo ara rẹ̀ á máa pa ẹran ara rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lára. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ẹran tó bo eegun ẹṣin kò tó nǹkan, ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ láti wò ó sàn kò sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láyé àtijọ́, tí ẹsẹ̀ ẹṣin bá ti kán gan-an, wọ́n sábà máa ń pa á kó má bàa jìyà. Lónìí, wọ́n lè to àwọn kan nínú rẹ̀ nílé ìwòsàn ńlá, àmọ́ ó ṣì le gan-an.

Aleen mọ̀wé, ó gba ẹ̀bùn níléèwé. Àmọ́ nígbà tó di ọdún 1897, ó kan ògiri. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Royal College of Veterinary Surgeons ni wọ́n ń ṣètò ìdánwò fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di dókítà ẹranko. Wọ́n ní àwọn ò ní gbà á wọlé sí ìdánwò náà torí pé obìnrin ni. Wọn ò sọ pé kò mọ iṣẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tí wọn ò jẹ́ kó ṣe ìdánwò?

Aleen gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní Edinburgh. Àwọn adájọ́ ní ẹgbẹ́ náà kò fìdí kalẹ̀ ní Skọ́tílándì, wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó lọ pè wọ́n lẹ́jọ́. Aleen kò lọ. Tó bá lọ, gbogbo ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ni ì bá gbé e, ojú á sì ti ìyá rẹ̀ láàfin. Ó padà síléèwé, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1900 láìsí ìwé ẹ̀rí. Ohun tí Williams lè ṣe fún un ni pé ó kọ lẹ́tà tó jẹ́rìí sí i pé ó mọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìwé ẹ̀rí yẹn fi ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1881 ni òfin kan ti wà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ẹgbẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní dókítà ẹranko. Òfin tó dáa ni, torí pé àwọn oníjìbìtì pọ̀ tí wọ́n ń fún ẹṣin ní oògùn tí kò dáa. Àmọ́ òfin kan náà ló wá ti Aleen mọ́ ìta pẹ̀lú àwọn oníjìbìtì yẹn, òun tó kàwé bíi tàwọn ọkùnrin tó wà nínú.

Nígbà tí mo ka ibi yìí fún dádì mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Apòògùn òyìnbó ni wọ́n ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n dé ibí, ẹnikẹ́ni ò ka ìwé wọn kún, wọ́n sì ń gbé páálí ní wíàháùsì lóru títí wọ́n fi yege nínú ìdánwò tuntun. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin òbí kan tó ń ka ìwé ìròyìn yìí náà ṣe bẹ́ẹ̀. Dádì mi ní ohun tó dùn wọ́n jù ni káwọn èèyàn máa wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àmọ́ wọ́n ní wọ́n ṣáà jẹ́ káwọn ṣe ìdánwò. Ti Aleen, ilẹ̀kùn ìdánwò gan-an ni wọ́n tì mọ́ ọn.

Kí wá ni Aleen ṣe? Ó gba iṣẹ́ lọ. Ó padà sí Írẹ́lándì, sí abúlé kan tó ń jẹ́ Athleague ní agbègbè Roscommon, ó sì ń bá dókítà ẹranko kan tó ń jẹ́ William Byrne ṣiṣẹ́. Byrne ní ìwé ẹ̀rí, Aleen kò ní. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti àwọn tó ń sin màálù, àgùntàn àti ẹṣin. Ẹṣin ni Aleen ń gùn lọ sóko àwọn èèyàn, ó máa ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan lórí gàárì bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Tí màálù bá ń rọbí lóru tí ọmọ rẹ̀ kò jáde, àgbẹ̀ ò ní bèèrè bóyá ọkùnrin ni dókítà tàbí obìnrin. Ohun tó ń wá ni ẹni tó máa gba màálù rẹ̀ là. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ fọkàn tán Aleen.

Ní ọdún 1905, káńsù Galway ń wá dókítà ẹranko tó máa bá wọn ṣe àyẹ̀wò àìsàn ẹran ní agbègbè wọn. Aleen ni wọ́n mú. Ni ẹgbẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá tún pariwo pé kò nímọ̀ tó tọ́, torí kò ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí tí àwọn fúnra wọn ò jẹ́ kó gbà! Káńsù kò jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko kúrò nínú orúkọ ipò náà, wọ́n ní kó máa jẹ́ alábẹ̀wò lásán. Ó gbà á, ó sì ń ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tí Byrne kú ní ọdún 1910, Aleen ló gba gbogbo iṣẹ́ náà sọ́wọ́.

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914. Ogun yẹn, ẹṣin àti ìbaaka ló ń fa ìbọn ńlá, oúnjẹ àti àwọn tó fara pa. Ní ọdún 1915, Aleen fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wa mọ́tò ara rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ ṣèrànwọ́. Nítòsí ìlú Abbeville ló wà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì ní ọsibítù fún ẹṣin. Ọta ìbọn ń bà wọ́n, ẹrẹ̀ ń jẹ awọ ẹsẹ̀ wọn, èélá ń jẹ wọ́n lára. Ohun kékeré kan tún wà tó ṣe ọ̀pọ̀ ẹṣin léṣe, ìyẹn ìṣó. Àwọn ṣọ́jà máa ń fi pákó àpótí dáná, ìṣó inú pákó á wá dà sójú ọ̀nà, á sì gún ẹṣin lábẹ́ pátákò. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ ni pé wọ́n á yọ ìṣó náà, wọ́n á fi ọ̀bẹ fẹ ojú ihò náà kí ọyún lè ríbi jáde, wọ́n á sì máa fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Tí wọn ò bá tètè ṣe é, ọyún á gòkè dé eegun, ẹṣin náà ò sì ní rìn mọ́. Láàárín ọdún ogun yẹn, ó ju ìgbà mílíọ̀nù 2 lọ tí wọ́n gba ẹṣin tàbí ìbaaka sí àwọn ọsibítù ẹranko ní ilẹ̀ Faransé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1918, Aleen wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ran ọmọ ogun lọ́wọ́.

Ogun parí. Àwọn obìnrin ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ nígbà ogun, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé wọn ò lè ṣe é mọ́. Ní ọdún 1919, ìjọba Bìrìtéènì ṣe òfin pé wọn ò gbọ́dọ̀ lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ bíi tàwọn lọ́yà àti dókítà torí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko náà ní láti ṣí ilẹ̀kùn. Aleen wá ṣe ìdánwò tí wọn ò jẹ́ kó ṣe láti ọdún 1897, ó sì yege. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1922, ààrẹ ẹgbẹ́ náà fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni ọdún 54 ni. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, Aleen Cust. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Kò pẹ́ tó fi ṣe iṣẹ́ náà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ara rẹ̀ kò le dáadáa mọ́. Ní ọdún 1924, ó ta iṣẹ́ rẹ̀ ní Írẹ́lándì, ó sì lọ ń gbé ní abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1937, ó lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Jàmáíkà, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ẹni ọdún 68 ni. Ó fi owó sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìwádìí nípa ìwòsàn ẹranko. Ẹ gbọ́ o, ẹgbẹ́ tó lé e padà yẹn náà ló fi owó náà síkàáwọ́ wọn. Èmi rò pé mi ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo rò pé ohun tó ń wò ni àwọn ọmọ obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, Aleen ò dúró de orúkọ kó tó ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó jókòó sílé ní gbogbo ọdún 22 yẹn, àìmọye ẹṣin àti màálù ni ì bá ti kú ní Roscommon. Ìkejì, kò sọ pé orúkọ náà kò wúlò mọ́ torí pé òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ó ṣì fẹ́ ẹ, ó ṣì lọ gbà á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà. Dádì mi ní ohun tó jẹ́ tẹni, èèyàn gbọ́dọ̀ gbà á, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn Yorùbá ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Lónìí, nínú àwọn dókítà ẹranko tó wà ní Bìrìtéènì, obìnrin ló pọ̀ jù. Tí ẹ bá gbé ajá tàbí ológbò yín lọ sọ́dọ̀ dókítà, tí obìnrin bá sì jáde wá nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, ẹ rántí Aleen Cust.